Fèrèsé Kan ní Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: Bí Ìgbìmọ̀ Ìlú Wa Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìbéèrè Ìkọ́lé Wò

Ní ìlú kékeré tí mo ń gbé ní gúúsù ilẹ̀ Ẹ́ńgílándì, bí ẹnìkan bá fẹ́ fi yàrá kún ilé rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù di ilé gbígbé, a sábà máa ń rí bébà kan tí wọ́n so mọ́ òpó iná tó sún mọ́ ibẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọjá lára irú bébà bẹ́ẹ̀ láìka ìlà kan níbẹ̀, nítorí mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé àti àwọn ayàwòrán ilé ni. Nígbà tí àyè káńsẹ́lọ̀ kan wá ṣófo nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí ẹnikẹ́ni kò du ún, wọ́n ní kí n wá kún wọn. (Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Òfin ilẹ̀ yìí gba ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀tọ́ àtimáa gbé níbí láìní gbèdéke láyè láti jẹ́ káńsẹ́lọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbí kò mọ̀.) Inú ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìkọ́lé ni wọ́n fi mí sí, mo sì fura pé nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ ni.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìgbìmọ̀ ìlú kò ní agbára láti fọwọ́ sí ilé kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ìgbìmọ̀ àgbègbè, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, ni aláṣẹ. Ìmọ̀ràn ni tiwa. Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti béèrè pé òun fẹ́ máa gbọ́ nípa àwọn ìwé ìbéèrè tó kan ìlú òun, òfin sọ pé kí wọ́n máa fi tó o létí, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ 21 láti fèsì, kí wọ́n sì ro èsì náà kí wọ́n tó dájọ́. Ọ̀pọ̀ jùlọ ìwé náà kì í dé iwájú àwọn káńsẹ́lọ̀ àgbègbè rárá, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ètò ìlú ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sì parí rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá lọ ra ẹran lọ́jà, ẹnìkan yóò bi mí pé kí ló dé tí a fi fún lágbájá láṣẹ àtikọ́lé. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí ti wá, nítorí kò rọrùn fún ẹni tó dàgbà nílé wa láti gbà á. Òfin ìṣètò ìlú àti ìgbèríko tí wọ́n ṣe ní ọdún 1947, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1948, ló ya níní ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ àtikọ́lé sórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ lè jẹ́ tìrẹ láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kọ́ ilé sí i, aláṣẹ ni yóò fún ọ láyè. Nígbà tí bàbá mi ń kọ́lé ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n jọ dúnàá-dúrà, wọ́n sì padà wá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé; n kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi alámùúlégbè wa léèrè bóyá fèrèsé wa yóò máa wo inú yàrá rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló nílò ìwé ìbéèrè o. Òfin ti yọ̀ǹda àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan fún gbogbo onílé, bíi yàrá ilẹ̀ tí ènìyàn bá fẹ́ fi kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀, bí kò bá ti jù mítà 3 lọ fún ilé tó so pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí mítà 4 fún ilé tó dá dúró, tí ó sì pa àwọn àṣẹ tó kù mọ́. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ní owó ìwé, èyí tó di pọ́n-ùn 528 fún onílé tó fẹ́ fi nǹkan kún ilé rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni aláṣẹ ní láti fi dájọ́ irú èyí, àti ọ̀sẹ̀ 13 bí ilé náà bá tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìpàdé tiwa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, nítorí ọjọ́ 21 yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ ti lẹ ìwé ìpè síta ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú, ẹnikẹ́ni nínú ìlú sì lè wọlé wá jókòó, nítorí òfin ọdún 1960 ti ṣí ilẹ̀kùn irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún aráàlú. A máa ń ní ìwé bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nílẹ̀. Méje nínú wọn kì í gbà wá ní ìṣẹ́jú méjìméjì: gáréèjì kan, igi kan tí wọ́n fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀, àkọlé tuntun lára ṣọ́ọ̀bù. Ẹyọ kan ló máa ń mú kí a pẹ́ nílé ìpàdé, ẹyọ tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti fèrèsé.

Tọkọtaya kan fẹ́ kọ́ yàrá méjì, ọ̀kan lórí èkejì, sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Alámùúlégbè wọn, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ wa ń fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, màmá sì ti kọ tiwọn sílẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n ní owó tí ilé àwọn lè pa lọ́jà yóò wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní lè rí òkè tí àwọn ti ń wò láti ojú fèrèsé ilé ìdáná láti ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní oṣù mẹ́jọ péré ni tọkọtaya yẹn dé àdúgbò, àti pé ọgbà tí wọ́n ṣe ti wọ ilẹ̀ àwọn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Gbogbo ènìyàn tó jókòó lẹ́yìn ń mi orí, èmi náà sì ń mi orí nínú ọkàn mi, nítorí ní agboolé wa, kò sí èyí tí bàbá mi àgbà kò ní tẹ́tí sí nínú ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ṣùgbọ́n lójú òfin ìkọ́lé, kò sí èyí tó wúlò nínú wọn. Iye owó ilé kì í ṣe ìdí. Òkè tí ènìyàn ń wò kì í ṣe tirẹ̀. Ìwà ẹni tó ń tọrọ àṣẹ, tàbí bí ó ti pẹ́ tó ládùúgbò, kò kan ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ààlà sì jẹ́ ẹjọ́ láàrin onílé méjì tí wọn yóò gbé lọ síbòmíràn. Ohun tí òfin kà sí ni ohun tó kan bí a ṣe ń lo ilẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tí yóò dínkù nínú yàrá ẹlòmíràn, àṣírí ilé tí yóò tú, ariwo, ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, ewu lójú pópó, bí ilé náà ṣe bá àdúgbò mu, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí ìwé ètò ìlú tí ìgbìmọ̀ àgbègbè ti gbà wọlé sọ.

Ìgbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ pé ni màmá ká ìwé wọn, tí wọ́n wá sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ohun tí kò tó nǹkan, pé fèrèsé òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tuntun yẹn yóò dojú kọ ibùsùn àwọn. Alága gbé orí sókè. Ó ní kí akọ̀wé tún àwòrán náà gbé sójú ògiri, a sì wọn àlàfo àárín ilé méjèèjì lórí rẹ̀. A tún fa ìlà oníwọ̀n dígíírì 45 láti àárín fèrèsé yàrá màmá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe láti mọ̀ bóyá ilé tuntun yóò dí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò ní ìṣòro. Fèrèsé ló ní.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó wá pé kí wọ́n fi fèrèsé ṣáájú. Àwọn kan gbà pé bí lẹ́tà bá ti pọ̀ tó ni ẹjọ́ yóò ti dára tó, wọ́n á tẹ lẹ́tà kan náà ní ìgbà ọgọ́ta, wọ́n á pín in kiri kí aládùúgbò máa fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Lẹ́tà kan tó sọ pé ọkọ̀ kò lè yí padà ní ẹnu ọ̀nà náà láìkọ̀yìn bọ́ sójú títì ju ọgọ́ta tó ń sọ pé inú àwọn kò dùn lọ.

Àwa náà ní tiwa láti ṣọ́ra fún. Bí mo bá ní ire kan nínú ilé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ire owó, ń ṣe ni mo gbọ́dọ̀ yẹra fún ìjíròrò náà, kí n má sì dìbò. A kò sì gbọ́dọ̀ ti parí èrò wa kí a tó dé ìpàdé. A lè ní èrò kan, òfin ọdún 2011 gba ìyẹn láyè, ṣùgbọ́n etí wa gbọ́dọ̀ ṣí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: àwọn baba wa ti sọ èyí kí ilé aṣòfin Westminster tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, nítorí àwọn tó ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ló sì ń jọ́sìn nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ìkẹ́rùsí tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Láti sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, àṣẹ ìyípadà ìlò ni a nílò. Mo ti rí ìjọ tó ti san owó ilé, tó ti ra àga àti ìlù, kí ó tó béèrè bóyá àyè wà fún ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Bí àṣẹ kò bá wá jáde, wọn á ní ọ̀tá ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn lóòótọ́, ẹ̀tanú wà níbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ nínú ohùn àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí ni yóò wà nínú ìwé ìdájọ́, òun ni ó sì yẹ kí ẹ ti ní ìdáhùn sí.

Ìgbìmọ̀ àgbègbè máa ń borí wa. Ní ọdún tó kọjá, a lòdì sí ilé púpọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, a ní ọ̀nà ibẹ̀ dín jù. Àwọn tó ń bójú tó ojú ọ̀nà ní kò dín, ni àṣẹ bá jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ fún olùbéèrè, ó lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ àwọn olùbẹ̀wò ìjọba tí ọ́fíìsì wọn wà ní Bristol, ṣùgbọ́n ìlú àti aládùúgbò kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló kù fún wọn, láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lórí àṣìṣe òfin nìkan. Èyí ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ètò àdúgbò tiwa, irú èyí tí aráàlú ń dìbò lé lórí. Bí àwọn olùdìbò bá gbà á, òun yóò di ara òfin tí aláṣẹ fi ń dájọ́, ìpín wa nínú owó tí àwọn akọ́lé ń san fún ohun amáyédẹrùn, níbi tí ìgbìmọ̀ àgbègbè bá ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, yóò sì kúrò ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún di ìdá 25. Iṣẹ́ náà ń falẹ̀ gan-an.

Ní ti ilé tọkọtaya yẹn, a kò lòdì sí i. A kọ̀wé pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí wọ́n bá fi gíláàsì tí ojú kò lè là kọjá sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí kò sì ní ṣeé ṣí níbi tó bá rẹlẹ̀ ju mítà 1.7 lọ láti orí ilẹ̀ yàrá. Nígbà tí ìdájọ́ dé, òṣìṣẹ́ náà ti fi í sínú àwọn àdéhùn àṣẹ, ìkẹrin nínú márùn-ún. Inú màmá kò dùn, wọn kò rí òkè wọn mọ́. Bí mo bá ń ti ibi ìpàdé bọ̀ lálẹ́, mo máa ń rí fèrèsé náà, iná ń tàn lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, mo sì lè rí i pé ẹnìkan ń rìn nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n n kò lè mọ ẹni tó jẹ́.