Èmi ni mo ní kí ọmọ mi má mu omi

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lánàá tí a ti Èkó dé. Bí ọmọ mi kejì bá ń sùn lọ́sàn-án báyìí, n ó lọ jí i, kó tó dá mi lóhùn, àyà mi á ti já. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣèlérí Èkó fún àwọn ọmọ yín bíi tèmi, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọlidé Àjíǹde dé, àwọn ọmọ ti fi Èkó dí mi létí láti Kérésì: wọ́n fẹ́ rí òkun, wọ́n fẹ́ rìn lórí afárá tó wà lókè igi ní Lẹ́kí. Ooru ti mú débi pé ní Àkúrẹ́ níbí pàápàá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ là ń sùn. Mo ní kò burú, ṣebí ọkọ̀ wa ní AC.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la fẹnu kò sí. Mọ́ínmọ́ín ò tètè jinná, ìyá ọkọ mi ò tètè gbàdúrà tán, aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀ ká tó kúrò ní Òkè-Àró. Kí ọkọ̀ tó ṣí, mo yíjú sẹ́yìn, mo ní: “Ẹ má mumi o. Dádì yín ò ní dúró fún ìtọ̀ ẹnì kankan lọ́nà yìí.”

Kí ẹ tó bú mi, ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ nínú wa? Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn tí a bá ń lọ sí Èkó: búrẹ́dì nìkan, kò sómi títí dé Orè. Igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló sì ń bà mí lẹ́rù, gbogbo wa la ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé. Èmi gan-an ò fomi kan ẹnu láti òru.

A kọjá Oǹdó, a dé Orè, a ò dúró torí a ti pẹ́. Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Òde, AC kú. A ṣí fèrèsé. A bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní Ṣágámù, a rìn díẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbá wa mú. Aago méjì ọ̀sán. Tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì, èéfín ń wọlé, atẹ́gùn ò fẹ́. Ike omi méjìlá wà nínú kúlà. Kúlà wà nínú búùtù.

Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, òùngbẹ ń gbẹ mí.” Mo ní ó kù díẹ̀. Ó tún sọ ọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Kò sọ ọ́ mọ́, mo sì rò pé ó gbọ́ràn ni.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. “Ìyàwó, ọmọ yìí ò làágùn mọ́.” Mo wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tutù rinrin fún òógùn, òun gbẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ó bì. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe oríkì rẹ̀, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná.

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Mo ṣáà bá ara mi láàárín títì, ọmọ wà lọ́wọ́ mi, mò ń ké. Obìnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ, ó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń feyín ya ọ̀rá omi, ó ń dà á sí i lọ́rùn, lábíyá, nítan. Mo fẹ́ da omi sí i lẹ́nu, ó gbá ọwọ́ mi dànù. “Màmá, kò mọra, ṣé ẹ fẹ́ kó pá a lórí ni? Ẹ máa fẹ́ ẹ!” Ìborùn ìyá ọkọ mi ni mo fi ń fẹ́ ẹ.

Ọlọ́kadà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn kan nítòsí. Wọ́n ń fa omi sí i lára, nọ́ọ̀sì béèrè: “Ìgbà wo ló mumi kẹ́yìn?” Mo wolẹ̀. “Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?” Ní Àkúrẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Ara ọmọ yá, ọpẹ́ ni. A sùn níbẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ó jẹ ìrẹsì, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, a wọ Èkó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ fún ọmọ lómi. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, kí omi wà lẹ́sẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ò le: póò ọlọ́mọrí fún èyí tó kéré, ike ẹlẹ́nu gbàgàdà fún ọkùnrin, ilé epo fún àwa yòókù. Orè tí ọkọ̀ èrò ti ń dúró jẹun láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kí ló ní ká má dúró? Nọ́ọ̀sì ní ká máa wo àwọ̀ ìtọ̀. Bó bá ti pọ́n bí omi tíì, omi ò tó lára nìyẹn.

Ẹ tètè jáde. Mi ò ní kẹ́ ẹ rìn lóru o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Àmọ́ ká tiẹ̀ jáde ní mẹ́fà, tí mo bá ṣì ní kó má mumi ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ AC wò. Bàbá wọn ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ n fi í síbẹ̀.

Ooru Èkó yàtọ̀ sí tiwa. Òkun àti ọ̀sà wà níbẹ̀, atẹ́gùn wọn kún fún omi, òógùn kì í tètè gbẹ, òógùn tó ń gbẹ ló sì ń tu ara. Torí náà, àárọ̀ la lọ sí Lẹ́kí; afárá yẹn gùn tó mítà 401, kì í ṣe ohun tí à ń rìn lọ́sàn-án gangan. Lọ́sàn-án, a wà lábẹ́ òrùlé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, níbi tí ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní 1976 wà. Àwọn ọmọ ń ka ihò ọta. Èmi ń ka ike omi.

Nígbà tí à ń bọ̀, a dúró ní Orè. Ọmọ náà wọ ilé ìtọ̀ lọ ní ilé epo, ó ń pariwo láti inú lọ́hùn-ún: “Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ó mọ́ bí omi!” Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ wò ó.