Ẹ̀kọ Òwúrọ̀ Sátidé

Aṣọ funfun ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni láyé ìgbà náà. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní Sátidé, wọ́n á lọ̀ ọ́ ní Sọ́ńdè, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí àsẹ́ńbílì ní Mọ́ńdè. Ẹni tó bá sì gbé bọ́ọ̀dìn lẹ́yìn 1982, nígbà tí Fọ́ọ̀mù Wáàn ti di JS Wáàn, mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ara rẹ̀ nìkan ni ọmọ JS Wáàn ń fọ̀. Ti Sínọ̀ wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì Sínọ̀ gbọ́dọ̀ le gbagidi, kí kọ́là rẹ̀ dúró bí etí ehoro. Bí kò bá dúró, ẹni tó fọ̀ ọ́ ni yóò fi eékún dúró.

Sítáàṣì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò le, àmọ́ kò gba wàdùwàdù. Ṣíbí ìjẹun méjì tó kún dáadáa tó ṣẹ́ẹ̀tì méjì. Omi tútù díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ po ó títí yóò fi dà bí mílíìkì, kí wọ́n tó da kọ́ọ̀bù mẹ́rin omi tó ń hó yaya lé e lórí, tí ọwọ́ kejì kò sì ní dẹ́kun rírò ó. Ibi omi híhó yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kì í jí àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá jí, funfun ojú rẹ̀ á ṣí, á mọ́ gaara, á sì máa fà bí ewédú. Tí omi bá kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní jí. Aṣọ náà yóò gbẹ tán, yóò wá máa gbọn ìyẹ̀fun sílẹ̀ bí ẹni tó ń ti ilé eléèlùbọ́ bọ̀. Ẹni tó bá sì da sítáàṣì gbígbẹ tààrà sínú omi híhó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro kókó. Kókó yẹn kò ní yọ́ mọ́, bí ó bá rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn èyí ni omi tútù tí wọ́n fi ń là á, kọ́ọ̀bù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti búlúù. Inú àkísà ni wọ́n ń di búlúù sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ẹni tó bá jẹ́ kí ẹyọ rẹ̀ kan aṣọ, àmì aláwọ̀ aró ni yóò fi lọ sí Mọ́ńdè.

Ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, ọmọ JS Wáàn kan jí ní òwúrọ̀ Sátidé, ó tú lọ́kà rẹ̀ wò, sítáàṣì ti tán. Ọjọ́ àbẹ̀wò ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ẹni tó bẹ̀ ló ní tòun náà ti tán (irọ́ ni, gbogbo wọn ló ní). Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tirẹ̀ àti ti Sínọ̀. Sínọ̀ ọ̀hún ni pírífẹ́ẹ̀tì tó ń dárí orin ní àsẹ́ńbílì.

Ọmọ náà gbọ́n, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé ni ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ń wà ní dáínìn. Ó jókòó ti abọ́ rẹ̀, ó rí bí ẹ̀kọ ṣe ń fà, ó ronú kan ìyá bàbá rẹ̀ tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta. Ṣebí ẹ̀kọ ni wọ́n ń yà sára aṣọ níbẹ̀? Àgbàdo ní sítáàṣì nínú, omi híhó ni wọ́n sì fi ro ẹ̀kọ, a jẹ́ pé ó ti jí. Ká sọ òótọ́, ibi tó ronú dé yìí kò ṣì í. Ohun tí kò mọ̀ ni pé láfún ni ẹ̀kọ aládìrẹ, pé wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i, àti pé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́ sínú aró tán. Ohun tó tún gbàgbé ni pé ìyá alásè ti da ṣúgà àti mílíìkì oníyẹ̀fun sínú ìkòkò ẹ̀kọ kí ó tó bù ú fún wọn.

Abọ́ méjì ló gbé pa mọ́. Ó là á pẹ̀lú omi, ó sẹ́ ẹ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ (ẹ má bèèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ náà mọ́), ó rẹ ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì sínú rẹ̀, ó fún wọn, ó sá wọn. Wọ́n funfun báláú lórí okùn.

Ewúrẹ́ ìyá alásè ló kọ́kọ́ mọ àṣírí. Ewúrẹ́ a máa lá aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí lásán, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èyí tó ní ṣúgà àti mílíìkì. Nígbà tí ọmọ náà máa fi padà dé láti ibi iṣẹ́ koríko, ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti lọ títí dé èjìká. Ti Sínọ̀ wà lódindi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni wọ́n ń lò ní Sọ́ńdè, irú èyí tí àkùkọ irin kékeré dúró sí ṣóńṣó orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń há ìdérí. Ìta ni wọ́n ti ń jù ú síwá sẹ́yìn kí èédú tó ràn, torí bí èédú bá ta sórí aṣọ funfun, ihò ni. Wọ́n á wọ́n omi sí aṣọ, wọ́n á ká a fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀rinrin náà lè kárí. Wọ́n á fi omi kán abẹ́ áyọ́ọ̀nù: bí omi bá jókòó jẹ́jẹ́, kò tíì gbóná, bí ó bá ń fò kiri bí ẹ̀gà, ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á fi àbẹ́là pa abẹ́ rẹ̀, wọ́n á nù ún mọ́ àkísà. Kọ́là ló ń ṣáájú, láti etí méjèèjì wá sí àárín, kí ó má baà ká jọ ní ṣóńṣó.

Gbogbo èyí ni ọmọ náà ṣe pé pérépéré. Àmọ́ ooru tí òwú ń fẹ́ kó tó nà ti ju èyí tí ṣúgà lè fara dà lọ. Bó ṣe gbé áyọ́ọ̀nù lé kọ́là, ó lẹ̀. Ó fà á, ó dún ṣàrá, òórùn bí ti ẹ̀pà aláṣúgà gba dọ́mítìrì, àwọn tí ebi ń pa sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó ń dín nǹkan. Kọ́là di àwọ̀ tíì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun bo ojú ibẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹsẹ̀ lọ́kà gbogbo wọn ló wà nínú agolo mílíìkì tó ní omi, nítorí èèrà. Ìṣó ara ògiri kò ní agolo.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Sínọ̀ kò wo aṣọ fínnífínní, agogo ti lù. Ó dúró síwájú gbogbo ilé-ìwé, ó gbé ọwọ́ sókè fún orin orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1978, kí ti àtijọ́ tó padà dé ní 2024. Gbogbo ènìyàn wà ní àtẹ́ńṣọ̀n. Ní ìlà kejì, ọwọ́ tó ń dárí orin gbá ọrùn. Ní ìlà kẹta, ó gbá abíyá. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé ọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, orin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó dúró, ó tún sáré. Kó tó di ìlà karùn-ún, Sínọ̀ ti ń jó.

Tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ bá a. Ó wo kọ́là, ó rí èèrà, ó gbóòórùn mílíìkì tó ti kan.

“Ta ló fọ aṣọ yìí?”

Ọmọ náà jáde. “Èmi ni, sà.”

“Kí lo fi sí i?”

“Ẹ̀kọ ni, sà.”

“Ẹ̀kọ wo?”

“Ẹ̀kọ òwúrọ̀ Sátidé, sà.”

Tíṣà dákẹ́. Ó bojú wo ilé oúnjẹ lọ́hùn-ún, ó bojú wo Sínọ̀ tó ń họra.

“Àkàrà wá ńkọ́?”

Wọn kò rí orin náà parí. Koríko ẹ̀yìn kíṣìnì ni wọ́n fún ọmọ náà gé fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ló sì wọ̀ gé e, iwájú nìkan, kò sí ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó parí, ewúrẹ́ kan ń tẹ̀ lé e káàkiri, tó ń wo apá ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì náà.