Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ICU nípa fúńgọ́ọ̀sì tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù lọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ICU. Oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí àrùn COVID-19 tún gbóná janjan, ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni mo sì ti kọ́ ọ. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fi kún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Bàbá ẹni ọdún 58 ni. Láti ọjọ́ kẹta tí ó ti dé ni ẹ̀rọ ti ń bá a mí. Wọ́n ń fún un ní dexamethasone, oògùn steroid kan, miligíráàmù 6 lójúmọ́, nítorí pé ìwádìí RECOVERY ti fi hàn ní oṣù kẹfà ọdún 2020 pé oògùn náà ń dín ikú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, a ti ń dín ọ́síjìn rẹ̀ kù, ọkàn wa sì ti ń balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ara rẹ̀ tún gbóná, ọ́síjìn tí a ti dín kù sì tún di èyí tí a ń fi kún. Wọ́n pààrọ̀ áńtíbáyọ́tíìkì sí èyí tí ó lágbára jù ú lọ, síbẹ̀ ibà náà kò lọ.

Ní òru ọjọ́ kọkànlá, mo ń fi rọ́bà fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde nínú ọ̀nà èémí rẹ̀. Èyí tí ó máa ń jáde tẹ́lẹ̀ funfun, ó sì máa ń ṣàn wọ inú ike. Ti òru yẹn kò ṣàn. Ó ti dì ní ègé kéékèèké, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti omi ọbì, ẹ̀jẹ̀ sì là á kọjá bí òwú tín-ín-rín. Ègé kan lẹ̀ mọ́ ẹnu rọ́bà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti fi omi iyọ̀ ṣàn án kúrò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ki, pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò pe dókítà. Iṣẹ́ pọ̀ lóru náà, mo sì gbà pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹnì kan yóò kà á. Ọjọ́ méjì kọjá, kò sí ẹni tí ó mẹ́nu bà á. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni èmi fúnra mi tó sọ ọ́. Ọjọ́ méjì yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Aspergillus ni ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìran àwọn fúńgọ́ọ̀sì tí ń mú kí búrẹ́dì bu, tí ń ba àgbàdo jẹ́ nínú àká, ni. Àlùfáà kan ní ìlú Florence, Pier Antonio Micheli, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1729, torí pé ó jọ ohun tí àwọn àlùfáà fi ń wọ́n omi mímọ́, lóòótọ́ ni ó sì ń wọ́n èso rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tí kì í fà á símú lójoojúmọ́. Bí ara ẹni bá le, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró yóò pa á run kí ó tó ta gbòǹgbò. Àmọ́ bí àrùn kan bá ti bó inú ẹ̀dọ̀fóró, tí oògùn steroid sì ti dá àwọn tí ń ṣọ́ ọ dúró, yóò hù níbẹ̀, yóò sì máa wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni èyí máa ń ṣe. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo tó ka ìwádìí tí àwọn dókítà ní Netherlands àti Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní ọdún 2018. Nínú ènìyàn 432 tí àrùn influenza gbé dé ICU wọn, 83 ni ó ní aspergillus nínú ẹ̀dọ̀fóró. Láàárín 90 ọjọ́, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn wọ̀nyí tí ó kú, nígbà tí àwọn tí kò ní in tí ó kú kò ju 28 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkìlọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí COVID-19 tó dé rárá.

Àìsàn yìí ṣòro láti rí gbá mú. Nínú àwòrán CT, ẹ̀dọ̀fóró tí COVID-19 ti bàjẹ́ ti funfun káàkiri, kò sí bí ènìyàn ṣe lè tọ́ka sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà kò fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò ṣe. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni ó ń tú àṣírí rẹ̀: dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní kámẹ́rà lórí wọ ibẹ̀, á da omi iyọ̀ sí i, á sì fà á padà fún àyẹ̀wò. Lásìkò yẹn, wọ́n ń sá fún iṣẹ́ náà kí kòkòrò COVID-19 má baà fọ́n lu òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, àyẹ̀wò galactomannan, èyí tí ó ń wá ohun tí ara fúńgọ́ọ̀sì yìí máa ń tú jáde, fi hàn pé ó wà níbẹ̀, fúńgọ́ọ̀sì náà sì hù ní láàbù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, torí pé wọn kò gbà kí ẹbí wọlé. Mo kí wọn kú ìrọ́jú, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ǹjẹ́ oògùn kankan wà tí bàbá ń lò nílé tí ẹ kò tíì sọ fún wa?” Wọn kò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé, “Ọmọ mi, oríkèé ni ó ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá ti lọ sílé, wọ́n máa ń ra oògùn kan bọ̀ lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Ó ti tó ọdún méjì. Mi ò fẹ́ kí àwọn òyìnbó máa wò wá bákan.” Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú páálí rẹ̀. Wọ́n pe lẹ́tà ara rẹ̀ fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí mo fi gbọ́ prednisolone. Mẹ́rin láràárọ̀, miligíráàmù 5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Steroid ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn ní ICU, ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ jáde. Ẹ sọ prednisolone àti dexamethasone, títí kan èyí tí àwọn kan ń lò kí ara wọn lè sanra. Ẹ sọ àgbo, ẹ sì sọ ikọ́ ife tí wọ́n ti wò sàn ní ogún ọdún sẹ́yìn, torí pé ihò tí ikọ́ ife bá fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ilé fún aspergillus, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó jẹ́ pé fúńgọ́ọ̀sì ni ó ń mú wọn wú ẹ̀jẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife sì máa ń sọ voriconazole, oògùn fúńgọ́ọ̀sì yìí, di aláìlágbára nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí ara ènìyàn yín bá ti ń yá tí ó tún wá burú, tí áńtíbáyọ́tíìkì kò sì ran án, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti wo ti fúńgọ́ọ̀sì. Dókítà gidi kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ pé Candida, fúńgọ́ọ̀sì mìíràn, ni ó hù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ má fòyà, ẹ má sì fi dandan bèèrè oògùn; ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń gbé, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má gbé òdòdó inú ìkòkò lọ kí aláìsàn, torí ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá yí àwọ̀ padà lóru, ẹ pe dókítà lóru.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ voriconazole fún un. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2002, 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lò ó ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, 58 sì ni ti amphotericin B, oògùn fúńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ó ní tirẹ̀ náà: nígbà tí bàbá jí, ó kọ ọ́ sórí pátákó fún mi pé kí n gbá ìjàlọ tó wà lórí òrùlé, nígbà tí kò sí ìjàlọ níbẹ̀. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn náà ti pọ̀ jù, wọ́n dín in kù, ìjàlọ náà sì lọ.

Ó kúrò ní ICU ní ọjọ́ 47, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ nílé, wákàtí kan kí ó tó jẹun, kò sì gbọdọ̀ yá oòrùn. Ìyàwó rẹ̀ pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ da prednisolone tó kù nù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tí ó ti lò ó pẹ́ kì í dá a dúró lójijì, dókítà ni ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ rí dókítà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì náílọ́ọ̀nù kan lọ, àti ìgò àgbo náà pẹ̀lú.