Ẹ̀pà, agolo mílíìkì àti kálórì: ibo ni ìyókù ooru gbà lọ?

Àwọn ọmọ ilé-ìwé á sun ẹ̀pà lábẹ́ agolo omi, wọ́n á ṣírò kálórì rẹ̀, wọ́n á rí i pé ohun tí wọ́n rí kò tó ìdajì iye tó wà nínú ìwé. Ni wọ́n á bá pa tiwọn rẹ́, wọ́n á da ti ìwé kọ. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí iye kékeré yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ooru tó kù gba ibì kan lọ, a sì lè tọpa rẹ̀.

Agolo mílíìkì olómi tí a ti bó bébà ara rẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Hóró ẹ̀pà kan kì í sábà tó gíráàmù kan, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun nínú ilé kò lè ṣe é. Ẹ wá irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù.

Ẹ bu omi gíráàmù 100 sínú agolo. Omi àmù dára níbí, tó bá ti fi bíi dígírì márùn-ún tutù ju yàrá lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò gba ooru díẹ̀ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, tó bá gbóná tán yóò dá díẹ̀ padà. Ẹ wọn ẹ̀pà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un dúró. Ẹ̀yìn agolo ni kí ẹ ti ṣá iná sí i, torí ó máa ń pẹ́ kó tó ràn, ooru ìṣáná kò sì gbọdọ̀ wọnú ìṣírò. Tó bá ti ràn, ẹ tètè gbé e sábẹ́ agolo, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Bí iná bá kú, ẹ ro omi pọ̀, ẹ ka ibi tí tẹmómítà ga dé jù, kí ẹ sì wọn èédú tó kù. Ẹ má jẹ́ kí tẹmómítà kan ìdí agolo.

Gíráàmù omi kan ń gba júùlù 4.2 (júùlù la fi ń wọn agbára ooru) kó tó gbóná sí i ní dígírì kan. Ti irin agolo kò ju nǹkan bíi 0.45 lọ. Ká ní omi kúrò ní dígírì 25 dé 40, ẹ̀pà kúrò ní gíráàmù 0.70 sí 0.10, agolo sì wọn gíráàmù 40. Omi gba 100 × 4.2 × 15, ìyẹn júùlù 6,300; agolo gba 270. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ fi 0.60 pín in: 10,950 fún gíráàmù kan. Kálórì ara páálí oúnjẹ kan jẹ́ júùlù 4,184, nítorí náà 2.6 la rí. Ìwé ń sọ nǹkan bíi 5.7.

Afẹ́fẹ́ ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ gé ìdí àti orí agolo ńlá kan kúrò, ẹ fi yí iná ká, kí ẹ sì lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láìsí ihò, iná kò ní rí afẹ́fẹ́ tó, dúdú á sì bo ìdí agolo omi. Dúdú yẹn jẹ́ oúnjẹ tí kò jóná tán. Agbára ẹ̀pà ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dùnkún Ọ̀fà kò ní ràn ní tútù. Omi ló ju ìdajì rẹ̀ lọ dáadáa, gíráàmù omi kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ nǹkan bíi júùlù 2,400 kó tó gbẹ lọ. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ sá a títí yóò fi máa dá pẹ́kẹ́. Kúlíkúlí rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ sun ún nínú agolo kan náà tí ẹ fi sun ẹ̀pà, kí ẹ lè fi wọ́n wéra láìfi ti ìwé ṣe.

Ní yàrá ìwádìí ńlá, inú ìkòkò irin dídé pinpin tí wọ́n ti rọ ọ́síjìn kún, nǹkan bí ìlọ́po 30 agbára afẹ́fẹ́ lásán, ni wọ́n ti ń sun oúnjẹ, ìkòkò náà sì wà nínú omi, kí ooru má baà rí ọ̀nà sá. Síbẹ̀ ara wa kì í jó oúnjẹ tán bẹ́ẹ̀. Gíráàmù purotéènì kan ń mú nǹkan bíi kálórì 5.65 jáde nínú ìkòkò yẹn, ṣùgbọ́n 4 ni Wilbur Atwater, onímọ̀ nípa oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, kà fún ara ènìyàn, torí pé ìyókù ń bá ìtọ̀ lọ, díẹ̀ kì í sì í dà nínú.