Gàrí tó tú mi láṣìírí lórí Òkè Ìdànrè

Oṣù keje ni. Èmi àti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tán, èyí tó lé ní 600, ni òjò tó ti ń ṣú bọ̀ láti Àkúrẹ́ bá dé sí wa lórí. Ọkàn mi balẹ̀ ní tèmi. Mo ti ra ìbòrí báàgì, mo sì ti so ó pinpin. Nígbà tí mo máa tú ẹrù, gàrí tí mo dì sínú ọ̀rá ti wú, ọ̀rá ti bẹ́, gàrí ti di ẹ̀bà tútù lára ṣòkòtò jíìnsì mi.

Ìbòrí yẹn ò jẹ̀bi. Iwájú àti orí báàgì ló ń bò. Òjò tó bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀yìn rẹ ló máa gbà ṣàn wálẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni báàgì lẹ̀ mọ́. Omi náà á wá lọ dúró sínú ìdí ìbòrí bí ẹni pé wọ́n gbe igbá dè é.

Látìgbà náà, inú báàgì ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń kó píọ̀ wọ́tà 20 ni mo fi ń di ẹrù kí n tó kó o sínú báàgì. Mo bẹ ìyá tó ń ta omi ládùúgbò wa: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fà á ya, ẹ bá mi fi abẹ gé ẹnu rẹ̀.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ fi ṣe fìlà ni?” Tí mo bá dé ilé, mo máa ń fẹ́ atẹ́gùn kún un, màá fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, màá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá lu níbì kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sọ fún ẹ. Aṣọ lọ́tọ̀, fóònù àti ṣájà lọ́tọ̀.

Ẹ fi jíìnsì sílé. Tó bá ti mumi, ó di òkúta, ọjọ́ méjì ò sì tó o láti gbẹ nígbà òjò. Ìró àǹkárá kan wúlò jù ú lọ: ó ń nu ara, ó ń di aṣọ ìbora, kì í sì í pẹ́ gbẹ. Agbòjò náà, mi ò gbé e mọ́. Lórí àpáta tó ń yọ̀, ọwọ́ méjèèjì lo nílò.

Ohun tó nira jù ni aṣọ oorun. Ẹyọ kan ni, kò sì gbọdọ̀ rí òjò láéláé. Ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ bá mọ́, aṣọ tútù àná lo máa tún wọ̀. Á dà bíi kí èèyàn sunkún! Ṣùgbọ́n tí o bá wọ èyí tó gbẹ jáde, kí ni wàá wọ̀ sùn lálẹ́? Òjò ò kúkú bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Bàtà ní tiẹ̀, màá ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ nínú mọ́jú. Kì í gbẹ tán, àmọ́ kò ní máa pariwo omi mọ́.

Gàrí ṣì ń bá mi lọ o. Inú ike ló ń gbé báyìí, mo sì máa ń dé e gbọin. Àbúrò mi, tó fi ìka ha gàrí ọjọ́ náà lára jíìnsì tó sì bu ṣúgà sí i, ní tọjọ́un ló dùn jù.