Omi Galveston kò mọ̀ pé ọmọ Ìkòròdú ni mí

Àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ní òun ti lọ pẹja lẹ́ẹ̀mẹta ní Texas City Dike, ògiri òkúta gígùn tó wọ inú ọ̀sà Galveston ní Texas, ẹja kankan kò fẹnu kan ìdẹ òun. Ó ní ṣé ìwọ̀ òun ni kò dára ni, àbí okùn. Ẹ̀rín pa mí, torí ohun tí èmi náà ń bi ara mi nìyẹn lọ́dún tí mo dé. Èsì tí mo fún un ni mo kọ síbí, kí ẹ̀yin àbúrò yòókù má baà jó epo mọ́tò dànù bíi tèmi.

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìkòròdú. Bàbá bàbá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí omi máa kún àti ìgbà tó máa fà. Omi Èkó máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan, ẹni tó bá sì ń wo òṣùpá kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Ìmọ̀ yìí ni mo gbé dé Galveston bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí dání. Mo wo ìkànnì NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ ìgbà tí omi máa kún, mo rí i pé omi máa kún láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, mo ti dúró létí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi ò kún. Ńṣe ló ń sá lọ. Ibi tó yẹ kó mù mí dé orúnkún, ẹrẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, àti òkìtì ìkarahun òìstà (oyster). Mo bú NOAA títí. Àṣé atẹ́gùn àríwá tó ń fẹ́ láti òru àná ló gbá omi ọ̀sà jáde sínú òkun.

Bí mo bá ní ohun kan ṣoṣo tí mo lè kọ́ yín, òun ni pé bí ẹ bá dé omi tí ẹ ò mọ̀, ẹ má tíì wá ẹja. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń ti omi náà síwá sẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà òkun Èkó, kíkún omi máa ń tó mítà kan, òun ló ń darí ohun gbogbo. Ní Galveston, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa kún. Omi tí òṣùpá kò rí tì tó bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn ló ni ín. Bí atẹ́gùn bá ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́, á kó omi òkun wọlé, omi á bo ìdí koríko etí ọ̀sà, ẹja á sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ láti jẹun. Bí òtútù bá já dé láti àríwá, omi á jáde, ẹja á kó lọ sínú kòtò àti ojú ọ̀nà jíjìn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ibi tí ẹ ti rí ẹja lọ́sẹ̀ tó kọjá lè jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ lónìí.

Ọjọ́ tí inú bí mi yẹn, mi ò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Bí omi bá fà tán báyìí nígbà òtútù, gbogbo ìhòòhò ilẹ̀ ọ̀sà ló wà níwájú yín: ibi tí gọ́tà kékeré gbà kọjá, ibi tí òìstà ti ga, ibi tí ẹrẹ̀ ti parí tí iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wo ibẹ̀ lórí Google Maps pẹ̀lú. Tó bá di oṣù Kẹrin tí omi padà bò ó, ẹlòmíràn á máa ju ìwọ̀ sójú omi gbalasa, ẹ̀yin á máa jù ú sẹ́nu gọ́tà tí ẹ ti fojú rí. Ẹnu gọ́tà bẹ́ẹ̀, nígbà tí omi bá ń fà kúrò nínú koríko, ni mo ti pa redfish mi àkọ́kọ́, tòun ti àmì dúdú nídìí ìrù. Ìdílé kan náà lòun àti ẹja àpò (croaker) tí ìyá yín ń rà lọ́jà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń kùn bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n.

Lẹ́yìn omi ló wá kan oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa wá edé àti àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kẹ́ẹ tó wá ńlá. Tó bá di ìgbà tí ooru ń lọ, edé funfun máa ń kúrò nínú ọ̀sà lọ sí òkun. Ẹja á máa lé wọn láti ìsàlẹ̀, ẹyẹ á máa ṣa wọ́n láti òkè. Ibi tí ẹyẹ ti ń kígbe, tí wọ́n ń já lu omi, ẹ sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́, ẹ má wa ọkọ̀ wọ àárín wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé gbogbo ẹyẹ o. Mo ti tọ ẹyẹ òfú kan (pelican, òun náà ni ti Sáàmù 102) fún wákàtí kan gbáko, ó kàn ń ṣeré kiri ni. Nígbà míì ẹ̀ẹ́ rí ibi tí ojú omi ti ń dán bí ẹni da òróró sí i, tó ń rùn bíi watermelon. Ọ̀rá ohun tí ẹja ń jẹ lábẹ́ ló léfòó yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rò pé wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ má béèrè ibi tí ẹja wà lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ bá létí omi. Irọ́ ni wọ́n máa pa, ẹ̀yin náà á sì pa á lọ́la. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìdẹ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ bi í bí edé ọ̀sẹ̀ yìí ṣe tóbi tó àti ibi tí wọ́n ti kó o. Bí ẹ bá sì pa ẹja, ẹ la ikùn rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Akàn wẹ́wẹ́ ló kún inú ẹja mi kan nígbà tí mo ń fi edé dẹ ẹ́ láti àárọ̀.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ ilé wúlò fún mi. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù máa ń ya wọ ọ̀sà Èkó títí iyọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀, bàbá wa á sì sọ pé ẹja olómi iyọ̀ ti lọ sẹ́nu òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Galveston, tí odò Trinity àti San Jacinto ń ṣàn sí. Nígbà tí ìjì Harvey rọ òjò sórí Houston ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, omi dídùn bo ọ̀sà náà débi pé ọ̀pọ̀ òìstà kú, torí àwọn kò lè rìn kúrò. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹ má jókòó sí òkè ọ̀sà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà òkun, níbi òkúta ńlá tí wọ́n tò wọ inú omi. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ́dò ní San Luis Pass, ẹnu ọ̀nà kan tí omi ọ̀sà ń gbà wọ òkun, bó ti wù kí ó dákẹ́ tó. Omi ibẹ̀ ń gbé èèyàn lọ.

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja kí ẹ tó ju ìwọ̀, kẹ́ ẹ sì mú rúlà dání. Redfish tí ẹ lè gbé lọ ilé gbọ́dọ̀ wà láàárín ínṣì 20 sí 28, mẹ́ta péré lójúmọ́. Ní ọdún 2024 wọ́n yí ti speckled trout, ẹja mìíràn tí wọ́n ń pa níbẹ̀, padà sí mẹ́ta lójúmọ́, ínṣì 15 sí 20, nítorí náà ẹ máa wo òfin lọ́dọọdún.

Fífẹ̀ ọ̀sà Galveston tó nǹkan bí 600 máìlì onígun mẹ́rin (square miles). Mi ò gbìyànjú láti mọ gbogbo rẹ̀. Etí omi kan tí kò tó máìlì kan ni mo mú, mo sì ní ìwé kékeré tí mo ń kọ atẹ́gùn, bí omi ṣe rí, àti ohun tó wà nínú ikùn ẹja sí. Ọjọ́ tí mi ò pa nǹkan kan gan-an ni mo máa ń kọ̀wé jù.

Wọ́n ní òtútù máa dé láti àríwá lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi àti àbúrò mi ti fi Sátidé sí i. Mo ní kó fi ọ̀pá ìwọ̀ sílé, kó mú bàtà ẹrẹ̀ tí ìkarahun òìstà kò lè gé, kó sì gba iná sí fóònù rẹ̀ dáadáa.