Bí mo ṣe ń yẹ ìwé wáìnì wò
Bern's Steak House, ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta ẹran màlúù yíyan, ti wà ní ìlú Tampa, ní Florida, láti ọdún 1956, òkìkí àkójọ wáìnì rẹ̀ sì ti kàn káàkiri. Síbẹ̀, èmi kì í fi pípọ̀ dá ìwé wáìnì, ìyẹn ìwé tí ilé oúnjẹ ń to orúkọ wáìnì tó ń tà sí, lẹ́jọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni ọdún tí wọ́n kórè èso àjàrà, nítorí wáìnì Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ti ọdún 1982 kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọdún 1984 rárá. Lẹ́yìn náà, mo máa ń wá wáìnì pupa tí kò wọ́n jù, bíi Malbec (orúkọ irú èso àjàrà kan) ti Mendoza ní Argentina, tó máa ń fún ẹnu pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rá ẹran màlúù yíyan máa ń mú kí ó rọ̀ lẹ́nu. Ìwé tí kò bá ní irú rẹ̀, olówó nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ìyẹn sì máa ń dùn mí.